Fíríwíìlì Tí Ó Yẹ Kẹ̀kẹ́ Àtijọ́: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Abobo

Nígbà tí a ní kí olúkúlùkù wa kọ ẹ̀kọ́ kan lórí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ̀ dájú, àwọn kan mú aṣọ híhun, àwọn kan mú iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn mìíràn sì mú iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Èmi mú kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe gbogbo ara kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí kò ṣe ohun kékeré kan tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí à ń pè ní fíríwíìlì, àti bí a ti í yan òmíràn nígbà tí èyí tí ó wà lára kẹ̀kẹ́ eré-ìje àtijọ́ bá gbó. Ohun kékeré náà ni ó mú mi ṣe àṣìṣe tí ó tóbi jù lọ ní gbogbo ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kẹ̀kẹ́. N kò fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe irú rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

BÍ MO TI DÉ ABOBO

Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́fà tán, kò sí owó tí àwọn òbí mi lè fi rán mi síwájú sí i ní kíákíá. Bàbá mi fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Abobo, ní ìlú Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Apá àríwá Abidjan ni Abobo wà, àwọn ènìyàn tí ń gbé inú rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Ojú irin tí ó ti Abidjan lọ sí Ouagadougou gba ibẹ̀ kọjá, àwọn ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní gbaka kì í sì í dáwọ́ ariwo dúró. Anango ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní ilẹ̀ náà. Àwọn ará Èjìgbò pọ̀ púpọ̀ nínú wa, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí a bí sí Abidjan fi lè máa sọ èdè Èjìgbò kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ Èjìgbò rárá.

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àjèjì ní ìdílé wa. Bàbá bàbá mi ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ní Tamale, ní ilẹ̀ Gánà, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní ilẹ̀ náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó padà sílé pẹ̀lú àpótí kan tí sípánà àti ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ kún inú rẹ̀. Àpótí yìí ni àbúrò bàbá mi gbé dání lọ sí Abobo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ àpótí náà sọ́kàn, nítorí pé a óò padà bọ̀ sí orí rẹ̀.

OHUN TÍ FÍRÍWÍÌLÌ JẸ́

Bí ẹ bá dúró sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ẹ óò rí àwo eléyín kan, tàbí púpọ̀, ní apá ọ̀tún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Orí àwọn eyín yìí ni ṣéènì ń gbà kọjá. Àwọn àwo náà àti irin tí ó gbé wọn ró ni fíríwíìlì. Apá méjì ni ó ní. Apá ti inú dè mọ́ họ́ọ̀bù, èyí ni irin àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí gbogbo sípókù ti jáde. Apá ti òde ni ó ru àwọn eyín. Láàárín àwọn méjèèjì ni irin kéékèèké méjì wà, tí ó dàbí èékánná, tí sípírín tínrín-tínrín ń tì síta. Bí a bá tẹ pẹ́dálì, èékánná wọ̀nyí a há mọ́ àwọn eyín inú, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ a sì yí. Bí a bá dá ẹsẹ̀ dúró, èékánná a máa yọ̀ lórí eyín kọjá, kẹ̀kẹ́ a sì máa sáré lọ fúnra rẹ̀. Ìró "táká-táká-táká" tí à ń gbọ́ nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ìró èékánná wọ̀nyí ni.

Ní ìgbà láéláé, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ti ń yí, pẹ́dálì náà ń yí, ẹsẹ̀ ẹni kò sì lè sinmi. Ní 1869 ni William Van Anden, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí irú ohun tí ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ lè sinmi. Síbẹ̀, fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn eléré-ìje ní láti sọ̀ kalẹ̀ ní ìdí òkè, kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí wọ́n yí i padà sí eyín tí ó wà ní apá kejì, kí wọ́n tó gùn ún. Ìdíje ńlá ilẹ̀ Faransé, Tour de France, bẹ̀rẹ̀ ní 1903, ṣùgbọ́n ó di 1937 kí wọ́n tó gba àwọn tí ń díje níbẹ̀ láàyè láti lo apá irin tí ń ti ṣéènì láti orí àwo kan sí òmíràn. Láti ìgbà náà ni fíríwíìlì aláwo púpọ̀ wá di ohun tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn eléré-ìje.

Apá ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ yìí kò ṣe àjèjì sí eré-ìje kẹ̀kẹ́. Ouagadougou tí ojú irin Abobo ń lọ ni Fausto Coppi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí ó gba Tour de France lẹ́ẹ̀méjì, wá ní oṣù kejìlá ọdún 1959 láti bá àwọn ènìyàn díje. Ibà ẹ̀fọn mú un níbẹ̀, ó sì kú ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1960. Láti 1987 sì ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje tí wọ́n ń pè ní Tour du Faso ní ilẹ̀ náà, tí í ṣe Burkina Faso báyìí. Nítorí náà, ẹ má ṣe yà á lẹ́nu pé kẹ̀kẹ́ eré-ìje àtijọ́ wà lórí àjà àwọn arúgbó ní Abidjan.

ÀṢÌṢE MI

Ní ọdún kẹta tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́, bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ojú irin rí gbé irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é, òun fúnra rẹ̀ sì rà á ní 1968, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ọmọ ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọ̀dọ́ gun kẹ̀kẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Bàbá náà fẹ́ kí a tún kẹ̀kẹ́ yìí ṣe kí ó lè fi ta ọmọ náà lọ́rẹ. Ó wí fún ọ̀gá mi pé, "Ọmọ mi, bá mi ṣe é bí ẹni tí ń ṣe tirẹ̀. N kò ní ilé tí n ó fi sílẹ̀ fún ọmọ yìí. Kẹ̀kẹ́ yìí ni yóò fi máa rántí mi."

Ọ̀gá mi fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Mo fọ gbogbo rẹ̀, mo fi gírísì sí ibi tí ó yẹ, mo pààrọ̀ wáyà bíréèkì. Nígbà tí mo dé orí fíríwíìlì, mo rí i pé ọ̀kan nínú èékánná inú rẹ̀ ti ṣẹ́, eyín rẹ̀ sì ti jẹ. A ní láti wá òmíràn. Ní ọjọ́ náà ni ọ̀gá mi ń lọ sí ìsìnkú kan ní Bouaké. Ó wí fún mi pé, "Má ṣe de ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí n tó dé." Ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó lọ́kàn ara mi pé mo ti mọ iṣẹ́.

Ẹ wàyí o, ọ̀rọ̀ àpótí bàbá bàbá mi nìyí. Gbogbo fíríwíìlì tí ó wà nínú rẹ̀ ni a lè dè mọ́ họ́ọ̀bù yòówù tí ó bá wà nínú rẹ̀, nítorí pé ti Raleigh ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn tí ó jọ ọ́ ni gbogbo wọn. Láti inú àpótí yìí ni mo ti kọ́ pé irú fíríwíìlì kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń lò. Kò sí ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ojú mi ni ó fi kọ́ mi.

Mo lọ sí ibi òkìtì ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kó ti Òkè Òkun wá, irú ọjà tí àwọn ará Abidjan ń pè ní "France au revoir". Mo rí fíríwíìlì kan tí ara rẹ̀ ṣì ń dán. Mo ka àwo rẹ̀, ó pé márùn-ún bíi ti àkọ́kọ́. Mo ka eyín rẹ̀, ó sún mọ́ra. Mo rà á. Nígbà tí mo fi ọwọ́ yí i sórí họ́ọ̀bù, ó wọlé wọ̀ọ̀ bí ẹni pé òróró ni a fi pa á. Inú mi dùn. Mo rò pé bí nǹkan bá ti rọrùn tó ni ó ti bá ara mu tó. Bàbá náà wá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ọ̀gá mi tó dé.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ náà ń gòkè bọ̀ láti Adjamé sí Abobo. Ó dìde dúró lórí pẹ́dálì kí ó lè fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Lójijì ni fíríwíìlì já kúrò nínú ohun tí ó dì í mú, pẹ́dálì sọ̀ kalẹ̀ lófo, ọmọ náà sì ṣubú sí àárín ọ̀dà. Gbaka kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run ni ó mú kí awakọ̀ náà rí i kí ó tó yà. Orúnkún ọmọ náà bó, èjìká rẹ̀ sì wú fún ọjọ́ púpọ̀.

Bàbá náà ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ kejì. Kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi kẹ̀kẹ́ náà ti ògiri, ó ní, "Ẹ wò ó." Ì bá sàn fún mi kí ó bú mi.

Ọ̀gá mi yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Fíríwíìlì náà fúnra rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìlà tí ó yí ara họ́ọ̀bù ká, tí ó yẹ kí ó di fíríwíìlì mú, ti fá dànù. Ìyókù rẹ̀ wà nínú gírísì bí iyanrìn tí ń dán. Ó bi mí pé, "Kí ni o fi wọ̀n ọ́n?" Mo ní, "Ojú ni, Bàbá." Ó ní, "Ojú rẹ lè rí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà?" N kò lè dáhùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó mú mi jókòó, tí ó sì kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín yìí.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: TÍRẸ́Ẹ̀DÌ

Ìlà tí ó lọ́ yí ara họ́ọ̀bù ká ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì. Fíríwíìlì ní irú rẹ̀ nínú, bí ìdérí ìgò ti ní tirẹ̀. Ohun méjì ni a fi ń mọ tírẹ́ẹ̀dì: bí ó ti nípọn tó láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, àti bí ìlà kan ti jìnnà sí èkejì tó.

Ti ilẹ̀ Faransé àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 34.7, ìlà kan sì jìnnà sí èkejì ní mìlímítà 1 géérégé. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ínṣì 1.37, èyí tí í ṣe nǹkan bíi mìlímítà 34.8, ìlà 24 sì ni ó wà nínú ínṣì kan. Ti ilẹ̀ Ítálì jẹ́ mìlímítà 35, pẹ̀lú ìlà 24 nínú ínṣì kan bákan náà. Èyí tí gbogbo ayé ń lò báyìí sún mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì gan-an: ínṣì 1.375, ìlà 24. Ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Ítálì àti ti òde òní lè wọ ara wọn láìsí ìjà. Ti Faransé nìkan ni ó dá dúró. Láti nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1970 ni àwọn ará Faransé fúnra wọn ti ń fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ìgbà náà ṣì wà káàkiri.

Ẹ wo bí èyí ti kan àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ayé àwọn amúnisìn, kẹ̀kẹ́ Raleigh láti Nottingham ni ó pọ̀ ní Nàìjíríà àti ní Gánà. Kẹ̀kẹ́ Peugeot àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Faransé sì ni ó pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ó lo ti Gẹ̀ẹ́sì, tí ó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Abidjan, ti kọjá ààlà kan tí a kò yà sínú àwòrán ilẹ̀. Ara họ́ọ̀bù ni a yà á sí.

Bí a bá fẹ́ yí fíríwíìlì Faransé sórí họ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì, yóò yí díẹ̀, yóò sì há. Ọwọ́ ẹni ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ni pé nǹkan kò dára, bí a bá sì gbọ́ràn, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yí ti Gẹ̀ẹ́sì sórí họ́ọ̀bù Faransé, yóò wọlé ní ìrọ̀rùn, nítorí pé inú rẹ̀ tóbi díẹ̀ ju ohun tí ó ń wọ̀ lọ. Ṣóńṣó orí ìlà nìkan ni ó di ara wọn mú. Bí ẹlẹ́ṣin bá rọra ń lọ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kò ní mọ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá dìde dúró lórí òkè ni yóò mọ̀. Èyí ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù: èyí tí ó há kì í ṣeni ní ibi tó èyí tí ó wọlé ju bí ó ti yẹ lọ.

Báwo ni a óò ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ nu ẹ̀yìn fíríwíìlì mọ́, kí ẹ ka ohun tí a kọ sí i. Bí ẹ bá rí 1.37 pẹ̀lú 24, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí ẹ bá rí 34.7 pẹ̀lú 1, ti Faransé ni. Èkejì, bí kò bá sí ohun tí a kọ, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé rúlà, nítorí pé ìyàtọ̀ àárín 34.7 àti 34.8 kéré jù fún un. Ẹ mú bóòtù kékeré tí sípánà 10 ń tú, èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6. Ìlà irú bóòtù bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ara wọn ní mìlímítà 1, gẹ́gẹ́ bíi ti Faransé. Ẹ gbé e lé ara tírẹ́ẹ̀dì họ́ọ̀bù ní ìbú, kí ẹ sì gbé méjèèjì sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìlà bá wọ inú ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ìmọ́lẹ̀ kò sì yọ láàárín wọn, họ́ọ̀bù Faransé ni. Bí ó bá bá ara mu ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì gun ara wọn lórí bí ó ti ń lọ, kì í ṣe ti Faransé. Bóòtù tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ì bá gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìṣubú.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: ÌBÚ ÀTI IYE ÀWO

Ẹ wọn àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń wọ̀. Fún èyí, rúlà tó. Kẹ̀kẹ́ eré-ìje àtijọ́ aláwo márùn-ún sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 120. Èyí tí ó jẹ́ aláwo mẹ́fà sábà máa ń jẹ́ 126. Bí a bá fi fíríwíìlì tí ó nípọn jù sí ibi tóóró, àwo kékeré yóò máa ha irin kẹ̀kẹ́, ṣéènì kò sì ní rí àyè. Iye àwo tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ dá padà, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: IYE EYÍN

Apá yìí wúlò fún ìṣirò ní kíláàsì. Ẹ pín iye eyín àwo iwájú pẹ̀lú iye eyín àwo ẹ̀yìn, ẹ óò mọ iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí bí pẹ́dálì bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá fi gígùn àyíká táyà sọ ọ́ di púpọ̀, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.1 fún kẹ̀kẹ́ eré-ìje. Bí iwájú bá jẹ́ eyín 52, tí ẹ̀yìn sì jẹ́ 14, kẹ̀kẹ́ yóò rìn tó mítà 7.8 ní yíyí kan: èyí dára fún ilẹ̀ títẹ́jú. Bí iwájú bá jẹ́ 42, tí ẹ̀yìn jẹ́ 21, yóò rìn mítà 4.2. Bí ẹ̀yìn bá jẹ́ 28, mítà 3.15 péré ni. Ọ̀nà tí à ń rìn ní yíyí kan kúrú, ṣùgbọ́n agbára tí ẹsẹ̀ ń lò kò pọ̀. Ẹni tí yóò máa gun òkè nílò àwo ẹ̀yìn tí eyín rẹ̀ pọ̀.

Ṣùgbọ́n apá irin tí ń ti ṣéènì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Púpọ̀ nínú ti àtijọ́ kò lè dé orí àwo eléyín 28. Kí ẹ tó fi kẹ̀kẹ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè kúrò nílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí pẹ́dálì jẹ́jẹ́, kí ẹ sì ti ṣéènì sórí àwo tí ó tóbi jù ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Bí ohunkóhun bá ń fà le koko tàbí tí ó ń ha ara wọn, ẹ wá fíríwíìlì tí ó kéré sí i.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: ÈYÍ TÍ A TI LÒ RÍ

Nígbà tí ó jẹ́ pé ti àtijọ́ ni à ń wá, èyí tí ẹlòmíràn ti lò rí ni a óò máa rí jù. Ẹ wo eyín rẹ̀. Bí ó bá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó sì mú ṣóńṣó, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbé e sí etí, kí ẹ yí i sẹ́yìn: ìró èékánná gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ó bá ń dákẹ́ tí ó tún ń dún, ìdọ̀tí ti há sípírín rẹ̀ tàbí nǹkan ti ṣẹ́. Ìdọ̀tí ṣeé fi epo àtùpà fọ̀ kúrò, kí a sì wá kán òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Èyí tí ó ṣẹ́ kò ní àtúnṣe.

Ẹ wọn ṣéènì pẹ̀lú. Láti orí píìnì kan dé orí píìnì kẹrìnlélógún tí ó tẹ̀ lé e, ínṣì 12 géérégé ni nígbà tí ó jẹ́ tuntun. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínṣì lé sí i, ṣéènì ti gbó. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ lé sí i, ó ti jẹ eyín fíríwíìlì náà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi fíríwíìlì tuntun sí abẹ́ ṣéènì gbígbó ń fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ̀KỌ́ KARÙN-ÚN: YÍYỌ ÀTI DÍDÈ

Irin ìyọ̀ fíríwíìlì kò jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn kan ní ojú méjì péré, àwọn mìíràn ní eyín wẹ́wẹ́ yíká inú. Ẹ lo èyí tí ó bá a mu, kí ẹ sì fi nọ́ọ̀tì áásì dì í mú kí ó má baà yọ̀. Apá òsì ni a ń yí i sí láti tú u. Bí ó bá ti mira, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì náà kí ẹ tó máa bá a lọ. Ẹ má ṣe já sípókù kí ẹ tó yọ fíríwíìlì, nítorí pé lẹ́yìn èyí, kò sí ohun tí ẹ óò fi di họ́ọ̀bù mú. Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ fi gírísì sí tírẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì fi ọwọ́ lásán yí i wọlé. Ó yẹ kí ó wọlé jẹ́jẹ́ láìmì sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Bí ẹ kò bá rí ti Faransé ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni ó wà. Ẹ máa wá a lọ́dọ̀ àwọn tí ń tú kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ká, tàbí kí ẹ fi họ́ọ̀bù òde òní hun ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mìíràn. Ẹ má ṣe gé páànù agolo sí àárín kí ó lè fún, ẹ má sì ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀mí ènìyàn ni yóò gùn ún.

BÍ Ó TI PARÍ

Ọ̀nà kejì ni a gbà. Owó oúnjẹ mi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni a fi ra họ́ọ̀bù mìíràn tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 120. Ọ̀gá mi kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá náà. Èmi ni mo hun sípókù padà sí rímù àtijọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá mi sì jókòó tì mí láìfọwọ́ kàn án. Fíríwíìlì eléyín 14 sí 28 ni a fi sí i, lẹ́yìn tí a ti rí i pé apá irin rẹ̀ gbà á. Nígbà tí ó parí, mo lọ sí ilé bàbá náà, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Dìde. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. O ti ní àkísà kan báyìí." Ọmọ náà gun kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Adjamé, ó sì gùn ún gòkè bọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, lórí kẹ̀kẹ́ ọ̀gá mi, tí àyà mi ń já títí a fi délé.

Họ́ọ̀bù tí mo bà jẹ́ kò di ohun ìsọnù. Ọ̀gá mi fi ìṣó kọ́ ọ sí òkè ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ máa bọ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ó yọ ọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Fi èyí kọ́ àwọn ọmọ rẹ." Ó wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a óò máa dúró níwájú àwọn ọmọ láìpẹ́. Ọmọ tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ yóò bi wá ní ìbéèrè, a óò sì mọ̀ pé ó há. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ohun gbogbo ní wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a tún un wọ̀n wò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ILÉ-ÌWÉ

1. Kí ni ó ń dún nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí ẹsẹ̀ sì dúró?
2. Bí àwo iwájú bá ní eyín 48, tí ti ẹ̀yìn ní 16, tí àyíká táyà sì jẹ́ mítà 2.1, mítà mélòó ni kẹ̀kẹ́ yóò rìn bí pẹ́dálì bá yí lẹ́ẹ̀kan?
3. Èé ṣe tí fíríwíìlì tí ó wọlé ní ìrọ̀rùn jù fi léwu ju èyí tí ó há lọ?
4. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ní àdúgbò yín. Ẹ kọ orúkọ ilẹ̀ tí a ti ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti iye eyín tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀.